Wọ́n Fi Oògùn Ẹ̀yìn Wá Ilé fún Ajá

"Gbogbo ilẹ̀kùn tó wà ní Verdun ló mọ èjìká mi! Èwo nínú wọn ló máa sọ pé òun ò mọ̀ mí, táá wá tì mọ́ mi lójú?"

Normand Gingras ló ń sọ bẹ́ẹ̀, lórí àtẹ̀gùn onírin tó lọ́ pọ̀ níwájú ilé rẹ̀ ní àdúgbò Verdun, nílùú Montréal, láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọdún Saint-Jean, àjọ̀dún gbogbo ará Québec. Àsíá aláwọ̀ búlúù ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára bákónì àwọn ará àdúgbò, orí sì ń fọ́ ìdajì wọn nítorí bíà àná. Normand fẹ̀yìn ti irin, ó gbé ife kọfí dání, ó ń bá aládùúgbò rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo òpópónà ló ra tíkẹ́ẹ̀tì wá wò ó.

Kò kúkú parọ́. Iṣẹ́ kíkó ẹrù fún àwọn tó ń kó ilé ló ń ṣe. Gbogbo wa tí à ń gbé Montréal la mọ ohun tí ọjọ́ kìíní oṣù Keje jẹ́: gbogbo ìlú ló ń kó ilé lọ́jọ́ kan náà, àfi bí ẹni pé wọ́n fọn fèrè sí wa. Ará òkè ń sọ̀ kalẹ̀, ará ìsàlẹ̀ ń gòkè, àwọn méjèèjì á pàdé láàárín àtẹ̀gùn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́, èébú á sì bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Normand ni ọba. Á gbé fíríìjì sẹ́yìn bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Kó ṣáà ti gbé nǹkan kúrò nílẹ̀ díẹ̀, á sọ bó ṣe wúwo tó fún ọ, kì í sì í ṣì í.

Ohun tí kò sọ fún aládùúgbò ni pé òun alára ò tíì rílé. Àdéhùn ilé rẹ̀ ń parí lópin oṣù yẹn. Láti ìgbà òtútù ni onílé rẹ̀ ti sọ pé ọmọ òun ló máa wá gbé ibẹ̀. Òfin Québec fún ayálégbé láyè láti kọ̀, kí onílé lọ rojọ́ níwájú adájọ́. Normand ò kọ̀, kò bèèrè, kò tiẹ̀ ronú. Ó ní kí ọmọ náà máa bọ̀, kí ó kàn má gbàgbé láti pe òun tó bá fẹ́ kẹ́rù wọlé.

Ginette, ìyàwó rẹ̀, pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. "Normand, àwọn èèyàn ti ń wá ilé láti oṣù Kejì. Ìgbà wo la máa wá tiwa?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ta ló ń kó Verdun? Ṣebí èmi ni. Ilé ló máa wá mi wá."

Ilé ò wá a. Nígbà tí oṣù Kẹfà ku díẹ̀ kó tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe onílé kan tẹ̀lé òmíràn. Ìdáhùn kan náà ló ń gbọ́. "Ẹ ní ajá? Háà. Ẹ má bínú o." Wọ́n á ti gbé fóònù sílẹ̀ kó tó sọ irú ajá tó jẹ́.

Boudin lorúkọ ajá náà, orúkọ sọ́séèjì tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe, torí pé ó dúdú, ó sì ki. Ajá rere ni. Àmọ́ tí apínlẹ́tà bá fọwọ́ kan àpótí lẹ́tà ẹnu ọ̀nà báyìí, Boudin á gbó títí abọ́ á fi máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Maélie, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ni ín ní tòótọ́. Ọjọ́ tí ìyá Ginette kú, ẹ̀gbẹ́ Boudin lọmọ náà sùn sí, kò sì tún sùn síbòmíì mọ́.

"Papa," ló bi bàbá rẹ̀, "tí wọn ò bá gba Boudin, ṣé ẹ máa fi í sílẹ̀ ni?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé níbí. Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ ìkólé bá ti kọjá, ẹ ó rí ajá tí wọ́n so mọ́ òpó nínú ọgbà ìṣeré, omi ti gbẹ nínú abọ́ rẹ̀, tó ṣì ń wo ibi tí mọ́tò olówó rẹ̀ gbà lọ.

"Fi sílẹ̀ kẹ̀?" Normand na àyà. "Ìdílé Gingras kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ibi tí mo bá sùn, ibẹ̀ ni Boudin máa sùn."

"Ẹ wá wo nǹkan tí mo kọ́ ọ nígbà náà. Ìṣẹ́jú kan péré."

"Tó bá yá. Fíríìjì ẹnì kan ń dúró dè mí."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Ginette rí ìwé pélébé kan lójú fèrèsé ilé alájà mẹ́ta kan nítòsí odò: àjà òkè pátápátá ṣófo. Ìwé náà ò sọ ohunkóhun nípa ajá. Ó pe onílé. Opó arúgbó kan ni, Madame Aurore Pelchat, tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé náà.

"Ẹ kó gbogbo ẹni tó máa sùn lókè orí mi wá lọ́la, kí n rí wọn," ni Madame Pelchat wí. "Ẹ ní ajá? Ẹ mú òun náà wá. Òun gan-an ni mo fẹ́ rí."

Òun gan-an ni mo fẹ́ rí! Bí Ginette ṣe sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ara àwọn méjèèjì tutù. Ìdánwò nìyẹn, kí sì ni Boudin máa ṣe nínú ìdánwò ju pé kó gbó mọ́ ọ̀gá olùdánwò?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó jáde, Normand dá wọ ilé ìdáná. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín nípa ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó ń pọn fíríìjì á fi ẹ̀yìn san án ṣáá ni, dókítà sì ti fún un lóògùn kan tó ń dẹ iṣan. Tó bá lo hóró kan, á sùn bí àpò sìmẹ́ńtì. Normand wo ìgò oògùn, ó wo Boudin. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ajá náà mọ́ àyà, ó mì í díẹ̀ bó ṣe máa ń mi páálí ìwé.

"Ìdajì mi," ló wí. "Kò lé, kò dín."

Ìdajì Normand, ìdajì oògùn Normand. Ó gé hóró náà sí méjì, ó tẹ ìdajì bọ inú cretons, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ tí à ń fi pa búrẹ́dì láàárọ̀, ó sì nà án sí ajá. Boudin gbé e mì. Ó lá ìka ọ̀gá rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì fi ìrù dúpẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Madame Pelchat, ó dà bíi pé iṣẹ́ ti ṣe. Boudin ò gbó mọ́ ẹnì kankan lójú ọ̀nà. Ó wọ́ wọlé, ó dùbúlẹ̀ lé sálúbàtà onírun tí ìyá arúgbó náà wọ̀, ó gbé ẹnu lé e.

"Òun nìyí?" ni Madame Pelchat bi wọ́n.

"Òun náà ni, Madame. Ẹ wò ó. Ó jẹ́ẹ́jẹ́ ju àlùfáà lọ."

"Ṣé ó máa ń gbó?"

Ìbéèrè tí Normand ti ń retí láti àárọ̀ nìyẹn. Ó tún kọ́là ṣe. "Gbó kẹ̀? Madame, láti ọjọ́ tí mo ti mọ ajá yìí, mi ò mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. A tiẹ̀ máa ń rò ó pé bóyá odi ni."

"Odi ni, Madame," ni Ginette gbè é. "Odi paraku."

Maélie la ẹnu. Ìyá rẹ̀ já a léèékánná ní itan. Ó pa ẹnu dé.

Madame Pelchat mí kanlẹ̀. "Ó mà ṣe o."

"Kí ló ṣe, Madame?"

"Látìgbà tọ́kọ mi ti kú, olè ti wọ ahéré ẹ̀yìnkùlé mi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí lẹ rò pé mo ṣe ní kí ẹ mú ajá wá? Ajá aláriwo ni mò ń wá! Ajá tí wọ́n á gbọ́ ohùn rẹ̀ dé etí odò. Kí ni mo fẹ́ fi odi ṣe?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo Normand. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn fíríìjì tí kì í padé mọ́.

"Madame! Ó máa ń gbó! Ó ń gbó bí ìbọn!"

"Ẹ ní odi ni."

"Mo fẹ́ fi yín ṣeré ni! Odi bíi báwo? Boudin! Ó yá, gbó fún Màámà!"

Boudin ò mira.

"Boudin! Wọ́ọ̀! Wọ́ọ̀!" Ọ̀gbẹ́ni Gingras, ọba ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ti wà lórí eékún méjèèjì lórí kápẹ́ẹ̀tì onílé, ó ń gbó. Ginette sáré jáde, ó di ìdérí àpótí lẹ́tà mú, ó ń gbá a gbàgà-gbàgà-gbàgà. Ayálégbé àjà kejì yọrí lójú fèrèsé, ó ní aṣiwèrè wo ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Àpótí lẹ́tà tí Boudin máa ń torí ẹ̀ bẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn! Kò gbé etí. Itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀ sórí sálúbàtà Madame Pelchat.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pariwo, tí kò sì gbó. Maélie ti dùbúlẹ̀, ó gbé etí lé ìhà ajá rẹ̀.

"Papa, ẹ dákẹ́. Kò mí dáadáa."

Madame Pelchat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ajá náà.

"Kí lẹ fún ajá yìí?" ni Madame Pelchat bèèrè.

Normand wo ìyá arúgbó náà. Ó gbójú sókè wo àjà ilé, ibi tí yàrá mẹ́ta tó ṣófo wà. "Kò sí nǹkan kan, Madame. Ooru ló mú un."

Wọ́n gbé Boudin sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Madame Pelchat mú báàgì rẹ̀, ó gun ọkọ̀ náà tẹ̀lé wọn; kò sẹ́ni tó pè é.

Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Sirois, la ojú ajá wò, ó fọwọ́ kan erìgì rẹ̀. "Kí ló jẹ?"

"A ò mọ̀. Bóyá ó ṣa nǹkan jẹ nílẹ̀ lọ́jọ́ Saint-Jean."

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tí mo bá mọ ohun tó jẹ, mo mọ ohun tí màá ṣe báyìí báyìí. Tí mi ò bá mọ̀ ọ́n, màá máa wá a kiri, ẹ̀mí rẹ̀ á máa lọ. Mi ò ní bú yín. Mi ò ní pe ọlọ́pàá. Kí ló jẹ?"

Ẹ̀yìn dókítà ni Madame Pelchat dúró sí, ó di báàgì mú, ó ń wo Normand lẹ́nu. Bí Normand bá sọ òótọ́, àjà òkè ti lọ nìyẹn.

"Kò jẹ nǹkan kan," ni Normand wí.

Ẹ fi ọwọ́ sàmì síbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni ajá náà kú sí. Ìyókù kàn ń gba àkókò ni.

Wọ́n gbé Boudin wọ yàrá inú. Àwọn tó kù jókòó sórí àga oníike. Maélie di okùn ajá mú, ó ń wé e mọ́ ìka, ó ń tú u. Ginette wo ọmọ náà títí, kò lè wò ó mọ́. Ó fò dìde, ó ń lu ilẹ̀kùn yàrá inú.

"Dókítà! Èmi ni! Èmi ni mo fún un lóògùn! Oògùn ẹ̀yìn ọkọ mi, hóró kan péré, nínú wàràkàṣì!"

Normand yí ọrùn padà díẹ̀díẹ̀. "Ìwọ?"

"Normand, mo fẹ́ kó dákẹ́ ni, kí ìyá yìí lè gbà wá."

"Ginette. Èmi náà ti fún un."

"Ìwọ náà ti fún un kí ni?"

"Ìdajì. Nínú cretons."

Wọ́n dúró wo ara wọn bí olè méjì tó pàdé nínú ilé kan náà. Dókítà Sirois ti ṣílẹ̀kùn, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé ìdajì?"

"Mo gbé e wò," ni Normand dáhùn. "Ìdajì mi ló wúwo tó."

"Ẹ gbé e wò." Dókítà náà ò pariwo. "Monsieur, ajá kì í ṣe èèyàn kékeré. Oògùn tó ń dẹ iṣan ẹ̀yìn yín, iṣan tí ajá fi ń mí ló ń dẹ̀. Kò sí ìwọ̀n tí ẹ lè wọ̀n tó máa tọ́. Ìdajì yẹn nìkan ì bá ti kó bá a, ká má tiẹ̀ wá sọ ti Madame. Ohun tí ẹ bá fún un, ìgò rẹ̀ ló yẹ kí ẹ gbé dání wá, kí ẹ sì sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹ bá ti sọ nígbà tí ẹ wọlé…"

Ó padà wọlé. Wọ́n fi ẹ̀rọ bá Boudin mí títí oòrùn fi ń rẹlẹ̀ lójú odò. Lẹ́yìn náà wọ́n pa ẹ̀rọ.

Maélie ò sunkún lójú wọn. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí àwọn òbí rẹ̀ bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró.

"Tí mo bá ṣe báyìí, ó máa ń jókòó, á sì pa ẹnu mọ́. Kódà tí apínlẹ́tà bá wà lẹ́nu ọ̀nà. Látìgbà tí yìnyín ti yọ́ ni mo ti ń kọ́ ọ. Tí mo bá sọ ọwọ́ kalẹ̀, á gbó. Mo ní kẹ́ ẹ wá wò ó."

Ajá kan wà tó lè dákẹ́ tí a bá fẹ́, tó sì lè gbó tí a bá fẹ́. Òun gan-an ni ajá tí Madame Pelchat ń wá. Òun ni wọ́n gbé wá fún un nínú oorun.

Madame Pelchat ń so bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. Ẹ ò ní gba ohun tí mo fẹ́ sọ yìí gbọ́, àmọ́ Normand sún mọ́ ọn.

"Madame… ilé yẹn ńkọ́? Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé…"

"Lókè orí mi?" ni ìyá arúgbó náà wí. "Kí n wá máa ṣọ́ ohun tí ẹ ń bù sínú kọfí mi?" Ó jáde, ó lọ dúró de bọ́ọ̀sì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Normand gbé fóònù. Onílé àkọ́kọ́ tó pè jẹ́ Monsieur Théberge, ní àdúgbò Ville-Émard, ẹni tó kọ ọ́ sójú fèrèsé pé òun kì í gba ajá.

"Ẹ ní ajá?"

"Rárá."

"Ẹ máa kó bọ̀."

Ọ̀rọ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Normand, tó ń fi apá kan gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, kò lè dìde. Ginette se pâté chinois, ẹran lílọ̀ pẹ̀lú àgbàdo àti ọ̀dùnkún, ọmọ ò fọwọ́ kàn án. Bàbá ní, "Maélie, jẹun díẹ̀." Ọmọ ní, "Ẹ ṣeun, Monsieur." Monsieur ló ń pè é látìgbà náà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí èèyàn ṣe ń pe àlejò tó wá tún páìpù ṣe.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje, Normand Gingras kó ẹrù ara rẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, ó pàdé ọmọ onílé tó ń kẹ́rù bọ̀, wọ́n sì fún ara wọn lọ́nà láìbú ara wọn, nítorí ẹnu Normand ò ṣí mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá, tí ilé yín ń parí lọ́dún yìí: ẹ má dúró de oṣù Kẹfà. Ìgbà òtútù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá, nígbà tí ilé ṣì pọ̀. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ onílé tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ pé ajá yín ò ba nǹkan jẹ́, ẹ mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání, ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ajá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán máa ń yí padà tí inú bá bí onílé. Tí wọ́n bá fẹ́ rí ajá náà, ẹ mú un rìn jìnnà kó tó dọ́hùn-ún, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Bí ó ṣe rí gan-an ni kí ẹ sọ. Ẹ má fún un lóògùn èèyàn láéláé. Oògùn kékeré tó ń wo ẹ̀fọ́rí yín lè pa á. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ ná, ẹ pe dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì jẹ́wọ́, ẹni yòówù kó dúró létí ibẹ̀. Bí ilé ò bá tíì yọjú, àwọn kan wà nílùú tó ń bá èèyàn tọ́jú ajá fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wá wọn. Ìtìjú yẹn kò tó nǹkan.

Nígbà tí Normand gbé fíríìjì dé Ville-Émard, tí òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, ó gbọ́ tí ajá kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbó nísàlẹ̀ ilé náà. Maélie dúró gbagidi lórí àtẹ̀gùn. Normand sọ fíríìjì kalẹ̀.

"Monsieur Théberge, ajá ta nìyẹn? Ṣebí ẹ kọ ọ́ sójú fèrèsé pé ẹ kì í gba ajá?"

"Ti ará ìsàlẹ̀ ni," ni Monsieur Théberge wí. "Wọ́n tọrọ àyè fún un ni."